Oorun Ọmọ Ni Kí Ẹ Fi Wá Ilé: Ibùgbé fún Ẹbí Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́ ní Àwọn Ìlú Yúróòpù

Òfin kan wà tó máa ń ya àwọn òbí wa lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì Yúróòpù: orí ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Nílé wa, bí ẹ̀gbọ́n bá dé lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, a ó tẹ́ ẹní, a ó wá ìrọ̀rí, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Ní Párísì tàbí Róòmù, yàrá tí wọ́n bá kọ èèyàn méjì sí lára, èèyàn méjì náà ni yóò wọ̀ ọ́. Tí tọkọtaya bá kó ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọmọ ọdún mẹ́fà dé ẹnu kàǹtà láìsọ tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè ní kí wọ́n gba yàrá kejì, yàrá kejì yẹn sì lè wà ní àjà mìíràn. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ọmọ. Òfin ààbò nítorí iná ló ń díwọ̀n iye èèyàn tó lè sùn nínú ilé, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àárín ìlú sì jẹ́ ilé àtijọ́ tí yàrá rẹ̀ kò gbà ju bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan àti àpótí aṣọ lọ.

Nítorí náà, bí a bá ń wá yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn gan-an ni kí a kọ. Àwọn kan máa ń fi ọmọ kan pamọ́ kí owó lè wálẹ̀. Owó náà yóò wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kàǹtà ni ọ̀rọ̀ yóò ti yọ, ní aago mọ́kànlá alẹ́, pẹ̀lú ọmọ tí oorun ti ń kùn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì sábà máa ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú bẹ́ẹ̀dì onípákó kékeré tí òtẹ́ẹ̀lì ń yáni, àmọ́ ìwọ̀nba ni bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa ń ní. Ẹ béèrè fún un ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé dáhùn pé ó wà. Bí ó bá di yàrá méjì, ìbéèrè tó ṣe kókó ni bóyá ilẹ̀kùn wà láàárín wọn nínú. Yàrá méjì tó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán túmọ̀ sí pé bàbá yóò sùn síbì kan, ìyá yóò sùn síbì kejì.

Ohun kan tún wà nípa bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ìyá wa ní láti mọ̀. Ní Jámánì àti Austria, bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya sábà máa ń jẹ́ fóòmù méjì lórí igi bẹ́ẹ̀dì kan, oníkálukú pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Àlàfo wà láàárín fóòmù méjèèjì. Ìkókó tó ti mọ́ lára láti sùn sí àárín bàbá àti ìyá lè yọ́ sínú àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ni kí ẹ gbà fún un, ẹ má ronú lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Èrò mi lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: oorun ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni kí a fi wá ibùgbé. Àwọn òbí máa ń fi ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́ rí wá ilé, wọ́n á ní ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ Eiffel Tower, tàbí kó wà lẹ́bàá La Rambla ní Barcelona. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò mọ Eiffel Tower. Ohun tó mọ̀ ni pé oorun ń kun òun, ìmọ́lẹ̀ wà, ariwo wà. Bí kò bá sùn, kò sẹ́ni tí yóò sùn, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ kejì ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú yàrá kan ṣoṣo, bí ọmọ bá sùn ní aago méje ààbọ̀, àwọn òbí ní láti pa iná, kí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí wọn yóò fi sùn. Òru kan kò burú. Òru márùn-ún yóò mú kí tọkọtaya máa bínú síra wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ilé tó ní yàrá ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ń tì, bó ti wù kó kéré tó, sàn ju òtẹ́ẹ̀lì onírawọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ yàrá kan lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti wà, ọmọ yóò sùn, àwọn àgbà yóò sì jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á gbèrò ọ̀la.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún jẹ́ ìṣòro tí a kì í rò nílé, nítorí pé ọ̀dọ̀ tiwa, aago méje ń lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ní oṣù kẹfà ọdún, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ní Párísì. Ní Stockholm, ilẹ̀ ti ń mọ́ kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù. Ọmọ tó jí pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ yẹn kò ní padà sùn mọ́. Ẹ bi onílé bóyá aṣọ fèrèsé rẹ̀ nípọn tó láti dí ìmọ́lẹ̀. Àwọn ilé Faransé, Ítálì àti Sípéènì sábà máa ń ní pákó tàbí irin tí wọ́n ń fà bo fèrèsé láti òde, ìyẹn sì dára gan-an. Àwọn ilé Nẹ́dálándì àti Sweden ni kí ẹ bi léèrè dáadáa.

Irú ibùgbé wo ló wà, nígbà náà? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ló rọrùn jù fún ẹbí. Premier Inn ní yàrá ẹbí tó gba àgbà méjì àti ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, bí àgbà kan bá sì san owó oúnjẹ àárọ̀, ọmọ méjì yóò jẹ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Travelodge náà ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ní ìlú ńlá Faransé, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù, ohun tó sún mọ́ ilé jù ni òtẹ́ẹ̀lì onífúláàtì, irú ti Citadines àti Adagio: ilé ìdáná kékeré wà nínú yàrá, fìríìjì wà, àwo àti ìkòkò wà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀ tí ẹ lè pè bí omi bá ń jò. Ẹ kíyè sí i pé èyí tí wọ́n ń pè ní studio jẹ́ yàrá kan pẹ̀lú àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó ní yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ wá.

Ilé ìdáná yẹn kì í ṣe ọ̀ràn ìfowópamọ́ nìkan. Ní Sípéènì, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ alẹ́ jáde kó tó di aago mẹ́jọ tàbí mẹ́jọ ààbọ̀. Ebi yóò ti pa ọmọ, yóò ti sunkún, yóò sì ti sùn lórí ebi. Ìyá tó ní iná kan àti ìkòkò kan lè po ẹ̀kọ, ó lè se ìrẹsì, ó lè bọ ẹyin, ó sì lè gbé omi gbígbóná fún wàrà ọmọ láàárín òru láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Ibùgbé kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í sábà rò, tí èmi sì fẹ́ràn láti máa júwe fún ọlọ́mọ: ilé àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Jugendherberge. Olùkọ́ kan, Richard Schirrmann, ló dá ètò náà sílẹ̀. Lọ́dún 1909, ó kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, òjò àti àrá ká wọn mọ́, wọ́n sì lọ sùn nínú ilé ìwé kan lórí koríko gbígbẹ. Níbẹ̀ ló ti rò ó pé ó yẹ kí ibùsùn tó mọ́ tí kò wọ́n wà káàkiri ìlú fún ọmọdé. Lọ́dún 1912, ó ṣí èyí àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀ sínú ilé olódi Altena. Lónìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri Yúróòpù, kò sì jẹ́ ti ọ̀dọ́ nìkan mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ní yàrá ẹbí tí a lè tì, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tàbí mẹ́fà, oúnjẹ àárọ̀, àti ibi tí ọmọ ti lè sáré. Ní Jámánì, ẹ ní láti di ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ tó sùn níbẹ̀, ẹbí sì lè forúkọ sílẹ̀ pa pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń kìlọ̀: bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ló pọ̀ níbẹ̀. Ìlànà tí Yúróòpù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì yẹn sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ sùn lókè. Ọmọ yín yóò bẹ̀ yín. Ẹ má gbà.

Nígbà tí ó bá di fúláàtì aládàáni tí a ń gbà lórí Airbnb tàbí Booking, àtẹ̀gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Párísì tí a ń rí lónìí, Georges-Eugène Haussmann ló tún púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ́ láàárín ọdún 1853 sí 1870, nígbà tí lífítì kò tíì wọ́pọ̀. Ilé alájà mẹ́fà àti méje ni wọ́n. Nígbà tí lífítì dé lẹ́yìn náà, inú ihò àárín àtẹ̀gùn ni wọ́n há a sí, òmíràn kò sì gbà ju èèyàn méjì lọ, ká má tíì sọ kẹ̀kẹ́ ọmọ. Àwọn yàrá kótópó tó wà lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ láyé ìgbà náà, ni wọ́n ń fi owó pọ́ọ́kú yáni lónìí. Fọ́tò wọn máa ń dùn ún wò. Ẹni tó ń gbé ọmọ kan lọ́wọ́, tó di ọmọ kejì mú, tó sì tún gbé àpò ìtẹ́dìí kọ́ èjìká, kò lè gun àjà mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Amẹ́ríkà lọ, ẹ rántí pé ibi tí wọ́n ń pè ní àjà kìíní ní Yúróòpù, òun lẹ̀ ń pè ní ìkejì lọ́dọ̀ yín.

Amsterdam le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé etí omi tó wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ga. Àtẹ̀gùn inú wọn dúró gbọnrangandan débi pé ìkọ́ irin tó wà lókè iwájú ilé ni wọ́n fi ń fa àga àti bẹ́ẹ̀dì gba ojú fèrèsé wọlé. Ilé tí àga kò lè gba àtẹ̀gùn rẹ̀ kì í ṣe ilé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bí ẹ bá ń lọ sí Amsterdam pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ wá ilé ìgbàlódé tó ní lífítì níwọ̀ oòrùn tàbí àríwá ìlú, kí ẹ sì fi ilé etí omi sílẹ̀ fún ìgbà tí ọmọ bá dàgbà.

Àtẹ̀gùn kò parí sínú ilé. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Párísì ti wà láti ọdún 1900, ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ rẹ̀ kò sì ní lífítì títí di òní. Ọ̀nà kẹrìnlá, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, ló yàtọ̀ pátápátá. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lè wọ̀ láì gun àtẹ̀gùn. Ní Vienna, gbogbo wọn ni. Níbi tí lífítì kò bá ti sí, bọ́ọ̀sì ni ọ̀rẹ́ ọlọ́mọ, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ kì í ga, wọ́n sì ya àyè sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ láàárín rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ilé, ẹ ṣí máàpù, kí ẹ wo bóyá bọ́ọ̀sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìyá tó bá sì mọ ọmọ pọ̀n, kó má fi ọ̀já sílẹ̀ nílé. Kò sí àtẹ̀gùn Párísì tó lè dá ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ dúró.

Mo gba ẹbí nímọ̀ràn láti jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Owó ọkọ̀ ọmọdé kò wọ́n: ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá ń wọ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àgbà, ní Berlin, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò san nǹkan kan. Ohun tí ẹ ó rí gbà ni pápá ìṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Àdúgbò Prenzlauer Berg ní Berlin kún fún ọmọdé àti ibi ìṣeré wọn. Ní Párísì, ẹ̀gbẹ́ ọgbà Buttes-Chaumont ní agbègbè kọkàndínlógún ní òkè tí ọmọ lè gùn àti koríko tí wọ́n lè jókòó sí. Ní Barcelona, àwọn gbàgede kéékèèké inú Gràcia, níbi tí ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ìyá àti bàbá jókòó, sàn fún ẹbí ju ariwo òru La Rambla lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn. Láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ti ń fi òfin de fúláàtì àlejò, nítorí pé ilé ń wọ́n fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Lọ́dún 2019, Amsterdam gé iye òru tí onílé lè fi ilé rẹ̀ yá àlejò sí ọgbọ̀n lọ́dún, òfin ibẹ̀ kò sì fàyè gba ju èèyàn mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹbí tó ní ọmọ mẹ́ta ní láti mọ èyí kó tó sanwó. Párísì gé tirẹ̀ sí àádọ́rùn-ún òru láti ọdún 2025. Ní Ítálì, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CIN di dandan lọ́dún 2025 náà, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìpolówó ilé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Jaume Collboni tó jẹ́ olórí ìlú Barcelona kéde pé ìlú náà kò ní tún ìwé àṣẹ fúláàtì àlejò kankan ṣe mọ́, gbogbo wọn yóò sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2028. Ohun tí òbí yóò ṣe kò le: ẹ wá nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé nínú ìpolówó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi onílé. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọjá. Ilé tí kò ní ìwé ni wọ́n lè fagi lé nígbà tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì sí ẹbí tó yẹ kó máa wá ilé láàárín ìlú àjèjì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Lójú mi, ó tún yẹ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tó ni ìlú. Àwọn náà ń wá ibi tí ọmọ tiwọn yóò sùn.

Owó orí àlejò wà lọ́tọ̀, kì í sì í sábà hàn nínú iye tí a kọ́kọ́ rí. Ti Amsterdam di ìdá méjìlá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọmọdé sílẹ̀ níbi púpọ̀: ní Párísì, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kì í san án, ní Róòmù, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í san án. Ẹ yẹ ìwé owó wò kí ẹ rí i pé wọn kò kà á mọ́ yín lọ́rùn.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ìbáà ṣe Ìbàdàn ló ń gbé tàbí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nílò físà Schengen fún ọ̀pọ̀ ìlú wọ̀nyí, wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí ibi tí ẹbí yóò dé sí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó físà náà jẹ́ 90 yúrò fún àgbà àti 45 yúrò fún ọmọ ọdún mẹ́fà títí dé mọ́kànlá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò san nǹkan kan. Yàrá tí a lè fagi lé láìpàdánù owó ni kí ẹ fi gba físà. Ẹ má san owó ilé tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Bákan náà, bí onílé kan bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí báńkì òun tààrà dípò kí ẹ san án lójú òpó tí ẹ ti rí ilé, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà nìyẹn, fọ́tò ilé ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń tan èèyàn.

Bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ yí ilé ká. Ẹ wo fèrèsé: ilé Yúróòpù kì í sábà ní irin fèrèsé bíi tiwa, fèrèsé òmíràn sì ń bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, ọmọ lè ṣí i. Ẹ gbé àga kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ bóyá ọ̀pá rẹ̀ sún mọ́ra tó tí orí ọmọ kò fi lè há. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, kí ẹ mọ bó ti gbóná tó. Ẹ wo ibi tí wọ́n kó oògùn ìfọlẹ̀ sí, abẹ́ ibi ìfọwo ni ó sábà máa ń wà.

Ní Jámánì, ẹ má dé lálẹ́ Sátidé pẹ̀lú àpò òfìfo. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, àfi àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá. Ẹ ra wàrà, ìtẹ́dìí àti búrẹ́dì sílẹ̀. Wọn kì í fẹ́ ariwo lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ẹrù má bà yín jù: lọ́dún 2011, àwọn aṣòfin wọn fi sínú òfin pé ariwo ọmọ tó ń ṣeré ní pápá ìṣeré tàbí ilé ìtọ́jú ọmọ kò sí lára ariwo tó ń ba àyíká jẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gba ilé ìsàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà máa dún lórí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ti ń gbé ní àwọn ìlú yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ bá ní òun ń kó ọmọ bọ̀, tí ẹ kò sì ní àyè láti gbà wọ́n sílé, ẹ gba orúkọ òpópónà tí ilé tí wọ́n fẹ́ gbà wà. Ẹ kọjá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ wò ó bóyá ilé ọtí ló wà nísàlẹ̀, bóyá lífítì wà, bóyá ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn, kí ẹ sì pe wọ́n kí wọ́n tó sanwó.